Kíkọ́ ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìtàn àti ìmọ̀ ilẹ̀-ayé lórí fóònù: báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Olùkọ́Kétu (Kétu)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìtàn àti ìmọ̀ ilẹ̀-ayé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí ní Kétu, láti troisième dé terminale. Àwọn òbí kan àti ọ̀gá wa ti fẹnu kò pé kí n máa kọ́ àwọn tó ń lọ fún BEPC (ìdánwò ìparí troisième) àti BAC (ìdánwò ìparí terminale) lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́, torí wákàtí tí a ní nínú kíláàsì kì í tó ká iṣẹ́ ọdún nílẹ̀. Mo ti gbà, inú mi sì dùn sí i.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni irú iṣẹ́ tí tiwa jẹ́. Olùkọ́ ìṣirò lè ṣe ìṣirò sójú pátákó, kó yà á ní fọ́tò, kó fi ránṣẹ́. Àwa ní máàpù. A ní ìwé àdéhùn ayé àtijọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ kà kó sì tú palẹ̀. A ní àwòrán ilẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ẹ rántí ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí wọ́n ti ilé-ìwé: ìwé PDF jàǹtìrẹrẹ ni ọ̀pọ̀ ọmọ rí gbà. Wọ́n dà á kọ sínú kàyé láti òkè dé ilẹ̀, tí o bá wá bi wọ́n pé kí ni Béhanzin, ọba Dàhòmì, ń bá àwọn Faransé jà lé lórí, wọn á máa wò ọ́. Mi ò fẹ́ kí tiwa rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe é: ṣé ìpàdé fídíò ló dáa ni àbí ohùn? Báwo lẹ ṣe ń ṣe máàpù? Èdè wo lẹ fi ń ṣàlàyé? Báwo lẹ sì ṣe ń mọ̀ pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́?

ỌmọÀjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, lísè kan ní Àjàṣẹ́ ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí fídíò: ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló máa ń gbádùn ìpàdé fídíò. Lọ́dọ̀ ọmọ, àwòrán ń dúró gan-an, ohùn ń já, mẹ́gà á sì ti tán kí ẹ tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Ohùn WhatsApp ìṣẹ́jú márùn-ún kì í sábà ju mẹ́gà kan lọ, ọmọ sì lè gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́.

Ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo máa ń pín ẹ̀kọ́ kan sí, kókó kan ṣoṣo ló sì máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ti Béhanzin tí ẹ dárúkọ. Ohùn kìíní dá lórí Àjàṣẹ́ níbí: bí ọba Sodji ṣe wọ abẹ́ ààbò Faransé ní 1863, bí Toffa tó jọba láti 1874 sí 1908 ṣe tún fara mọ́ wọn, àti ìdí tí Àgbómẹ̀, olú-ìlú Dàhòmì, fi ka èyí sí ọ̀tẹ̀. Ìkejì dá lórí ogun 1890 àti ti 1892, títí Dodds, ọ̀gágun Faransé, fi wọ Àgbómẹ̀. Ìkẹta ni bí Béhanzin ṣe fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní oṣù kìíní 1894, tí wọ́n gbé e lọ sí Martinique, tó sì kú sí Algiers ní 1906. Lẹ́yìn ohùn kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan. Ẹni tí kò bá dáhùn, èmi fúnra mi á pè é lọ́jọ́ kejì. Mi ò kí í jẹ́ kí ohùn kejì jáde títí ìdáhùn fi pọ̀ tó, torí ọmọ tí kò bá mọ ohun tó wà láàárín Toffa àti Àgbómẹ̀ yóò rò pé àwọn Faransé kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wọ́n dé.

Ní ti máàpù, ohun méjì. Àkọ́kọ́, ẹ má fi máàpù ránṣẹ́ bíi fọ́tò. WhatsApp máa ń fún fọ́tò mọ́lẹ̀ kó má baà wúwo, ọmọ bá fẹ́ fà á tóbi, orúkọ ìlú á ti di kóró dúdú. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, bó ṣe rí lọ́wọ́ yín ló máa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù, n kì í sì í rí i kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ìwọ̀n tí a kọ bíi 1/200 000 di irọ́ lójú fóònù. Lórí bébà, sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ kilómítà méjì, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti fi ìka méjì fa máàpù yẹn ní ìlọ́po mẹ́ta, sẹ̀ǹtímítà kan lójú fóònù rẹ̀ kò tó kilómítà kan mọ́. Ọmọ á fi rúlà wọn ọ̀nà, á ṣe ìṣirò rẹ̀ láìsí àṣìṣe kankan, ìdáhùn á ṣì kùnà. Nítorí náà, máàpù tí a fà ìlà ìwọ̀n sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ìlà náà ní 0, 5, 10 kilómítà, ni kí ẹ máa lò. Ìlà yẹn ń tóbi bí máàpù ṣe ń tóbi, ó sì ń kéré bí ó ṣe ń kéré. Kí wọ́n gbé etí bébà lé e, kí wọ́n sàmì sí i, kí wọ́n wá gbé e lé ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ wọ̀n.

ÌyáTáyé (Porto-Novo)

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Mi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ ọmọ mẹ́ta ló ń pín fóònù mi lò. Ọjà Ouando ni mo máa ń wà títí ilẹ̀ fi máa ṣú, fóònù yẹn ni oníbàárà fi ń pè mí, òun náà ni owó ń gbà wọlé. Kí n tó délé, agogo mẹ́jọ ti lù, ọmọbìnrin mi tó wà ní troisième ló sì ń dáná fún gbogbo ilé. Ẹ̀kọ́ tí ẹ bá fi sí agogo méje, kò lè bá a. Tí ó bá jẹ́ ohùn, ó lè gbọ́ ọ nídàájí kó tó wẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka orúkọ ẹni tó wà lórí ìlà lálẹ́ kí ẹ wá fi gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí kò ní fóònù tirẹ̀.

BàbáOlùkọ́Sábẹ (Sábẹ)

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Mi ò gbà pé fóònù lè gba ipò pátákó. Nígbà tí mo bá ń ya ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sójú pátákó, ọwọ́ mi ni ọmọ ń wò. Ó ń rí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí mo ti dúró, ibi tí mo ti yí ṣọ́ọ̀kì padà kí n lè fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kun òkun. Máàpù tó ti parí tí ẹ jù sí ọmọ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ó kàn ń wò ó ni.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ṣe é náà, ẹ yà á díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n rí i. Ẹ mú bébà kan, ẹ ya ààlà nìkan: òkun ní gúúsù, Tógò ní ìwọ̀-oòrùn, Nàìjíríà ní ìlà-oòrùn, Burkina Faso àti Niger ní òkè. Ẹ fi ránṣẹ́. Kí gbogbo wọn yà á kí ẹ tó ṣe èyí tó kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, odò: Wẹ̀mẹ̀ tó gùn tó 510 kilómítà, láti apá Àtákórà wá títí dé adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́, pẹ̀lú Ọ̀párá tó ń dà sínú rẹ̀, tí ó jẹ́ ààlà wa pẹ̀lú Nàìjíríà ní apá ibì kan. Lẹ́yìn odò, òkè: Àtákórà, òkè Sokbaro tó ga jù ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀, 658 mítà. Ìgbà yẹn ni ìlú tó wọlé, kí ojú irin Kútọnu sí Pàrákú, 438 kilómítà, sì tẹ̀lé e. Ọmọ tó bá ti ya odò kó tó fi ìlú sí i yóò fojú ara rẹ̀ rí ìdí tí ìlú fi wà níbi tó wà.

Ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n fi ọwọ́ yà á. Èyí tí wọ́n bá rí gbà lórí ẹ̀rọ, ẹ dá a padà.

ỌmọSákẹ́tẹ́ (Sákẹ́tẹ́)

Ẹ má bínú o, àmọ́ mo rò pé ẹ ń fẹ ọ̀rọ̀ yìí lójú jù. Ọjọ́ ìdánwò, kò sẹ́ni tó máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ bóyá ó gbọ́ ohùn nídàájí. Ìbéèrè á jáde, ọmọ á kọ ọ́ ní Faransé, ó tán. Ẹ wá àwọn ìbéèrè ọdún tó ti kọjá, ẹ fi ránṣẹ́, ẹ fi ìdáhùn tó péye tẹ̀ lé e, kí ọmọ há a sórí. Ọ̀nà yìí ni àwọn ẹ̀gbọ́n wa fi yege.

Akẹ́kọ̀ọ́Calavi (ọmọ Kétu, Abomey-Calavi)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti gba BAC, yunifásítì ni mo wà báyìí, nítorí náà ojú ọmọ tó ń gba ẹ̀kọ́ náà ni mo fi ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n Sákẹ́tẹ́, a há ìdáhùn sórí lóòótọ́. Wọ́n wá gbé ìwé kan sílẹ̀ fún wa níbi ìdánwò tí a kò rí rí, wọ́n ní kí a sọ ẹni tó kọ ọ́, ìgbà tó kọ ọ́, ẹni tó ń kọ ọ́ sí, àti ohun tó ń wá. Àwọn tó há nǹkan sórí kò rí ibi tí wọn yóò kó o sí.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ohùn olùkọ́ wa. Oko ni mo máa ń wà pẹ̀lú bàbá mi ní Sátidé, etí kan ni mo máa ń fi gbọ́ ọ. Ohun tó sì pa wá lára ni ẹgbẹ́ WhatsApp fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ a dé ní agogo méje, kó tó di mẹ́jọ, ìkíni, àwòrán ọjọ́ ìbí àti fídíò bọ́ọ̀lù á ti gbé e lọ sókè. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ la ẹgbẹ́ náà sí méjì: ọ̀kan tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè kọ nǹkan sí, kí ẹ̀kọ́ tò síbẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ìkejì jẹ́ ti ìbéèrè àti ariwo.

Olùkọ́Kétu (Kétu)

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Táyé, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára: mi ò ní ka orúkọ lálẹ́. Ẹ̀kọ́ á jáde, ọmọ á ní títí di ọ̀túnla láti dáhùn.

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ti yíya máàpù díẹ̀díẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni màá ṣe é. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un: Kétu àti Àjàṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà longitude kan náà. Àjàṣẹ́ wà ní 6°29′ àríwá, Kétu wà ní 7°21′. Ìṣẹ́jú 52 ló wà láàárín wọn (ọgọ́ta irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìdíwọ̀n kan). Bí ìdíwọ̀n latitude kan bá jẹ́ nǹkan bí 111 kilómítà, ọmọ lè ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀ pé ó tó nǹkan bí kilómítà 96 bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. Kó wá béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ ní gáréèjì iye kilómítà tí ọkọ̀ ń rìn, kó sọ ìdí tí méjèèjì kò fi bára mu. Ìdáhùn yẹn kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnu awakọ̀ ló wà.

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ti èdè ńkọ́? Níbí, bí mo bá fi Yorùbá ṣàlàyé, gbogbo kíláàsì ló ń gbọ́.

ỌmọÀjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ọ̀rọ̀ èdè yẹn kò rọrùn lọ́dọ̀ wa. Nínú kíláàsì mi, Gùn pọ̀, Yorùbá pọ̀, Tọ̀lì wà níbẹ̀. Bí mo bá fi Yorùbá nìkan sọ̀rọ̀, mo ti ti ìdajì wọn síta. Nítorí náà Faransé ni mo fi ń sọ ohùn, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún ọmọ kí ó fi èdè tó bá wù ú sọ ìdáhùn tirẹ̀ fún ẹnìkan nílé, ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀, kó wá kọ ìlà márùn-ún sí mi ní Faransé. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé ìpàdé Berlin, 1884 sí 1885, níbi tí àwọn ará Yúróòpù ti jíròrò lórí pípín Áfíríkà, fún ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ, kí ìyá náà sì bi í ní ìbéèrè, ó ti yé e.

Ní ti Kétu, ẹ lo Yorùbá láìbẹ̀rù. Ẹ kàn rí i pé wọ́n ń kọ ọ́ ní Faransé lẹ́yìn náà, torí ìyẹn ni ìwé ìdánwò.

Ẹ̀gbọ́n Sákẹ́tẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́sórí yẹn. Bí ẹ bá fi ìbéèrè àná ránṣẹ́ tẹ̀lé ìdáhùn rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni ẹ máa gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn, kámà rẹ̀ kò ní yẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe nìyí: mo ní kí ọmọ jáde lọ wá ilé kan ní àdúgbò rẹ̀ tí ó jẹ́ irú èyí tí àwọn tó ti Brazil padà wá kọ́. Kó ya fọ́tò rẹ̀ tí yóò fi fèrèsé, ògiri àti iṣẹ́ ọnà tó wà lókè ẹnu ọ̀nà hàn. Kó kọ ohun tó fi mọ̀ pé ilé Àgùdà ni. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ mi fi fọ́tò Mọ́ṣáláṣí Ńlá ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ pé bí ènìyàn bá kọ́kọ́ rí i láti iwájú, ṣọ́ọ̀ṣì ló máa rò pé ó ń wò. Láti ibẹ̀ la ti wọ òwò ẹrú, a wọ Bahia ní Brazil, a wọ bí àwọn ènìyàn kan ṣe gba òmìnira tí wọ́n sì padà sí etíkun yìí pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́wọ́. Kò sí ìwé ìbéèrè tó lè mú ọmọ yẹn gbàgbé rẹ̀ mọ́.

ỌmọSákẹ́tẹ́ (Sákẹ́tẹ́)

Mo gbọ́. Ti ilé Àgùdà yẹn dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣì máa fi ìbéèrè ìdánwò sí i o, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ bí wákàtí ṣe ń tán.

Olùkọ́Ìmẹ̀kọ (Ìmẹ̀kọ, ìpínlẹ̀ Ògùn)

Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ yẹn o, ẹ̀yin ará ilé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èmi fi ń kọ́ tèmi ní òdìkejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ọ̀gá Kétu, mo ní àbá kan fún yín. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó fa ìlà láti etí òkun títí dé ìdíwọ̀n 9 àríwá. Ìlà yẹn ló gba àárín wa kọjá. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kétu gan-an kò sí lójú ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí ogun Dàhòmì ti fọ́ ọ ní 1886, àwọn ọmọ rẹ̀ wà nígbèkùn. Wọ́n pín ilẹ̀ nígbà tí onílẹ̀ kò sí nílé.

Ẹ jẹ́ kí kíláàsì yín àti tèmi jọ ṣe ẹ̀kọ́ yẹn. Kí ọmọ Kétu fi ohùn béèrè lọ́wọ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ ní Yorùbá, kí tèmi náà béèrè lọ́wọ́ tiyín. Ta ni ẹbí yín tó wà lódìkejì? Nígbà wo ni wọ́n kọjá, kí sì ló lé wọn? Ẹ ó gbọ́ nǹkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sá láti ọ̀dọ̀ Faransé wá sí ọ̀dọ̀ wa nítorí iṣẹ́ tipátipá, owó orí, àti bí wọ́n ṣe ń fi agídí kó ọmọkùnrin sínú iṣẹ́ ológun. Àwọn Ọ̀họ̀rí, ẹ̀yà Yorùbá kan lọ́dọ̀ yín, dìde sí wọn ní 1914 lórí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí gbogbo èyí, ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn àgbà.

Ti ìmọ̀ ilẹ̀-ayé náà wà ńbẹ̀. Oṣù kẹjọ 2019 ni Nàìjíríà ti ààlà, wọn ò ṣí i títí oṣù kejìlá 2020. Àwọn ọmọ tiwa rántí rẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iye owó ìrẹsì lọ́dọ̀ tèmi, àti sí bẹntiróòlù kpayo (èyí tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wọlé láti Nàìjíríà) lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀kọ́ òwò àti ààlà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

BàbáOlùkọ́Sábẹ (Sábẹ)

Ọmọ mi ní Ìmẹ̀kọ, o ṣeun, Ọlọ́run á gbè ọ́. Bí èyí bá jẹ́ ohun tí fóònù fẹ́ ṣe, mo fara mọ́ ọn. Pátákó mi kò lè dé Ìmẹ̀kọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àgbà tí a fẹ́ gba ohùn rẹ̀. Ọmọ kò gbọdọ̀ gbé fóònù síwájú àgbàlagbà bí ọlọ́pàá. Kó kí i, kó jókòó, kó sọ ohun tó wá ṣe, kó béèrè bóyá òun lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kó sì sọ àwọn tó máa gbọ́ ọ. Bí ìyá àgbà bá ní òun ò fẹ́, kó pa fóònù, kó fi etí gbọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nípa ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú àti ẹni tí wọ́n rà, tí ẹbí kì í sọ síta. Ohùn tó bá ti wọ ẹgbẹ́ WhatsApp kì í ṣeé kó padà.

Àgbà kì í sọ ọdún, ẹ kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń wá a. Bí bàbá kan bá ní, "Mo ti ń bá àbúrò bàbá mi pọn omi nígbà tí Kérékou gbàjọba," ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972 nìyẹn. Bí ó bá ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe ìlú ní Bẹ̀nẹ̀ dípò Dàhòmì, ó ti di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1975 sókè. Òmìnira, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1960. Ìpàdé àpérò orílẹ̀-èdè ní Kútọnu, oṣù kejì 1990. Kí ọmọ fa ìlà kan, kó to àwọn ọjọ́ yìí sórí rẹ̀, kó wá máa fi ọ̀rọ̀ àgbà sáàárín wọn. Ní Kétu yín níbẹ̀ yẹn, ẹ ní ilé ọba márùn-ún. Ìtàn kan náà kì í jáde bákan náà láti ilé méjì. Ẹ má yanjú rẹ̀ fún ọmọ. Kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀, kó sọ ilé tó ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wá sọ ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan máa jèrè nínú bó ṣe sọ ọ́. Ohun kan náà ni wọ́n máa ní kó ṣe sí ìwé gómìnà Faransé nínú ìdánwò.

Lọ́dọ̀ wa ní Sábẹ níbí, màá ní kí wọ́n gun òkè. Àwọn àpáta yìí ni àwọn baba wa sá gùn nígbà tí Dàhòmì ń dé. Bí ọmọ bá dúró lókè tó ya fọ́tò ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, kò ní béèrè mọ́ pé kí ló dé tí ìlú fi wà lẹ́sẹ̀ àpáta. Kí wọ́n má dá gùn ún o, kí wọ́n má sì gùn ún lásìkò òjò, àpáta máa ń yọ̀.

Oníṣẹ́Fóònù (Kétu)

Ẹ kú ìjókòó. Fóònù ni mò ń tún ṣe, kò sí ilé-ìwé nínú iṣẹ́ mi, àmọ́ mo lè ràn yín lọ́wọ́ lórí máàpù. Máàpù OpenStreetMap wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gba áàpù Organic Maps tàbí OsmAnd sórí fóònù, ẹ gba ti Bẹ̀nẹ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, lẹ́yìn náà ẹ lè lò ó láìsí mẹ́gà rárá. Ọmọ kan lè fún ọmọ míì ní áàpù láìná kọ́bọ̀. Ohun tó tún dùn níbẹ̀ ni pé ènìyàn lè fi orúkọ ibi tí kò sí nínú máàpù sí i. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko àti abúlé wa ni kò sí ńbẹ̀. Àwọn ọmọ yín lè ṣe é.

Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa nu ohùn tí wọ́n ti gbọ́ tí wọ́n sì ti kọ sílẹ̀ kúrò. Ìdajì fóònù tó ń dé ọ̀dọ̀ mi pé ó "ń wúwo," ó kún ni.

ỌmọÀjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ ṣeun, ọ̀gá onífóònù. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un fún àwọn tó ń wá àwòrán àtijọ́. Gallica, ibi ìkàwé ìjọba Faransé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba owó, máàpù àti ìwé ìròyìn ìgbà àmúnisìn pọ̀ níbẹ̀. Àwọn káàdì ìfìwéránṣẹ́ tí Edmond Fortier, ayafọ́tò ará Faransé kan, yà ní Dàhòmì ní nǹkan bí 1908 sí 1909 náà wúlò. Ẹ má kàn fi wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo, kí ọmọ sọ ẹni tó dúró ní àárín, ẹni tí kò sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n ń ta káàdì náà fún. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé àwọn Faransé ló ń rà á láti fi kí ará ilé yóò wo gbogbo fọ́tò tó bá tún rí pẹ̀lú ojú míì.

Kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀ lórí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tó padà dé láti Paris ní oṣù kọkànlá 2021. Ogun 1892 ni wọ́n ti kó wọn. Ìtàn tí wọ́n ń kà nínú ìwé ti di ohun tí wọ́n rí lórí tẹlifíṣọ̀n lójú ara wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́Calavi (ọmọ Kétu, Abomey-Calavi)

Bàbá Sábẹ, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun kan wà tí ọmọ lè ṣe fúnra rẹ̀ lórí ojú ọjọ́? Èyí ni ó máa ń sú wa jù nínú ìwé.

BàbáOlùkọ́Sábẹ (Sábẹ)

Ó wà, ọmọ mi. Kó wá agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún láti ìdí dé ẹnu, kó gbé e sí gbangba níbi tí igi tàbí páànù kò ti lè da omi sínú rẹ̀. Bí òjò bá dá, kó fi rúlà wọn jíjìn omi náà ní mìlímítà, kó kọ ọ́, kó dà á nù. Mìlímítà kan túmọ̀ sí lítà omi kan lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ Àjàṣẹ́, ọmọ Kétu àti ọmọ Sábẹ fi tiwọn ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Gúúsù ní ìgbà òjò méjì, àríwá ní ẹyọ kan, àwa tí a wà láàárín ń rí i bí méjèèjì ṣe ń pàdé. Bí wọ́n bá ya gíráàfù rẹ̀ láti inú agolo tiwọn, wọn ò ní nílò ẹni tó máa há a sí wọn lórí.

Olùkọ́Kétu (Kétu)

Mo ti pinnu ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ìlà 1889, pẹ̀lú ọ̀gá Ìmẹ̀kọ. Ohùn mẹ́ta ní Yorùbá: Kétu kí ogun tó fọ́ ọ (ìlú tó dá wà pẹ̀lú yàrà àti Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú náà), ìfọ́ 1886, àti ìwé tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí nígbà tí ẹni tó ni ilẹ̀ kò sí nílé. Máàpù ní ìpele mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe sọ, ìlà ìwọ̀n nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ bíi dókúmẹ́ǹtì. Iṣẹ́ ilé: ohùn kan fún ọmọ Ìmẹ̀kọ kan, ìlà mẹ́wàá ní Faransé fún mi, máàpù tí wọ́n fọwọ́ yà, kí wọ́n yà á ní fọ́tò lẹ́bàá fèrèsé ní ọ̀sán kí òjìji má bò ó. Ìbéèrè BEPC kan á tẹ̀lé e ní Sátidé, fún ẹ̀gbọ́n Sákẹ́tẹ́.

Mo ń wá ẹni tó máa bá mi wo ìbéèrè náà kí n tó fi ránṣẹ́.

ỌmọSákẹ́tẹ́ (Sákẹ́tẹ́)

Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní alẹ́ Ọjọ́rú. Màá wò ó.

ÌyáTáyé (Porto-Novo)

Ẹ dákun, ṣé ọmọ Àjàṣẹ́ lè bá wọn gbọ́ ohùn yẹn? Ìyá tó bí mi, ọmọ Kétu ni, ó sì wà láàyè. Òun náà yóò fẹ́ gbọ́ ọ.

Olùkọ́Kétu (Kétu)

Ó lè gbọ́ ọ, Màmá. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ má kọ ọ́ síbí. Bí Ìyá àgbà bá sì fẹ́ sọ tiwọn, kí ọmọbìnrin yín jókòó tì wọ́n kó béèrè, kó tó tan fóònù.